Apá Òsì Kò Hàn

"Kà á fún mi," ni Sàrátù wí. Ó na àpòòwé funfun ńlá náà sí Sàídátù, ó sì tún fà á sẹ́yìn díẹ̀, bí ẹni tí kò tíì pinnu bóyá òun fẹ́ gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àyẹ̀wò kan ní Agbalépédogan, ní ìlú Lomé, ni wọ́n dúró sí. Sàídátù ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti ọdún mẹ́fà, nídìí ẹ̀rọ IRM, ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń ya àwòrán inú ara. Òun ló ń mú aláìsàn wọlé, òun ló ń tẹ́ wọn sórí ibùsùn ẹ̀rọ, òun ló sì ń ya àwòrán náà. Kíka èsì fún ẹbí aláìsàn kò sí nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Sàrátù kò gbọ́ Faransé kọjá "bonjour" àti "ça va", bẹ́ẹ̀ ni ó ti pọn Sàídátù rí, nígbà tí ìyá rẹ̀ bá lọ sọ́jà.

"Màmá, dókítà tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ló yẹ kó kà á fún yín."

"Wọ́n ti kà á. Àárọ̀ yìí ni wọ́n kà á. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní àwọn á la ọkọ mi. Lónìí, wọ́n ní àwọn ò lè là á mọ́. Mo fẹ́ mọ ohun tí ìwé yìí sọ tí ọ̀rọ̀ fi yí padà."

Sàídátù gba ìwé náà. Kò gùn rárá. Ó kà á tán lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà, lẹ́yìn náà ló wá ń sọ ọ́ ní Yorùbá díẹ̀díẹ̀.

"Wọ́n ní àrùn náà wà ní oríta tí ọ̀nà òróòro méjèèjì ti pàdé lábẹ́ ẹ̀dọ̀. Wọ́n ní ó ti dí ti apá ọ̀tún pa. Ti apá òsì, wọ́n ní kò hàn. Wọ́n ní ó jọ pé àrùn ti dé ibẹ̀ náà."

"Kí ni ìtumọ̀ ìyẹn?"

"Tó bá jẹ́ apá kan ẹ̀dọ̀ ló bà jẹ́, Màmá, wọ́n lè gé apá yẹn kúrò pẹ̀lú àrùn náà. Èyí tó kù á máa ṣiṣẹ́, á tiẹ̀ tún tóbi sí i. Tó bá jẹ́ méjèèjì, kò sí èyí tí wọ́n fẹ́ fi sílẹ̀ fún un."

Sàrátù mi orí. Kò sunkún. Oṣù méjì tó kọjá ti gba ẹkún lójú rẹ̀. Nígbà tí ojú ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ pọ́n bí ìyeyè, gbogbo àdúgbò ló pè é ní ibà pọ́njú, wọ́n sì ń gbé àgbo wá ní ìgò ní ìgò. Ìgbà tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bí kọfí, tí ara sì ń hún un débi pé ìyarun ló fi ń họ ẹ̀yìn, ni wọ́n tó gbé e lọ sílé ìwòsàn.

"Lọ́la, lẹ́yìn ìrun Àílà, wọ́n máa ki rọ́bà oníhò sí i nínú kí òróòro lè rí ọ̀nà jáde," ni Sàrátù wí. "Wọ́n ní ìyẹn nìkan ló kù, kí ara rẹ̀ lè rọ̀ ọ́ títí di ọjọ́ tó bá máa jẹ́."

Ó gba àpòòwé rẹ̀, ó sì dúpẹ́. Sàídátù sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró títí tó fi rí kẹ̀kẹ́, ó wá padà sínú yàrá kékeré tí kọ̀ǹpútà wà. Ó ṣí àwòrán ọjọ́ Ajé sílẹ̀.

Àwòrán Àáfà Sànúsí, ọkọ Sàrátù, ni. Gbogbo Yorùbá tó wà ní Lomé ló mọ Àáfà Sànúsí. Lọ́sàn-án, ó ń ta tábìlì àti kọ́bọ́ọ̀dù àlòkù ní ọjà Hédzranawoé. Nírọ̀lẹ́, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún ni Sàídátù nígbà tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ọdún mẹ́jọ ló sì lò níbẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, Àáfà a máa wàásù, bó bá sì ti ń wàásù, kò ní ṣe kó má bá àwọn onítírà wí. A máa ní ẹni tó bá so tírà mọ́ra ti fi awọ ewúrẹ́ ṣe alábàáṣe Ọlọ́run. Nítorí ìwàásù yẹn, àwọn àgbà kan wà ní mọ́sálásí tí wọn kì í kí i mọ́.

Òfin ilé àyẹ̀wò náà kò ṣòro. Aláìsàn máa bọ́ gbogbo aṣọ rẹ̀, á wọ èyí tí wọ́n bá fún un, ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ á sì fi ọwọ́ yẹ ara rẹ̀ wò láti ọrùn dé orúnkún, nítorí pé ẹ̀rọ náà àti irin kì í rẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò fi àmì sínú ìwé pé òun ti yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́jọ́ Ajé, Sàídátù fún Àáfà ní aṣọ, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Àáfà, ẹ má bínú o, ṣé kò sí irin kankan lára yín?" Àáfà ní, "Kò sí nǹkan kan lára mi." Nígbà tó jáde, Sàídátù rí i pé ó ṣì wọ síńgílẹ́ẹ̀tì sábẹ́ aṣọ náà. Kò ní kó bọ́ ọ. Ta ni yóò na ọwọ́ sí àyà ẹni tó kọ́ ọ ní Fátíà? Ó fi àmì sínú ìwé.

Ọ̀wọ̀ là ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nílé. Nídìí ẹ̀rọ yẹn, orúkọ mìíràn ló ń jẹ́.

Ó ń wo àwòrán náà báyìí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọ̀nà òróòro hàn funfun, wọ́n pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ bí ẹ̀ka igi. Apá ọ̀tún wú, ó sì gé bìrí níbi tí àrùn ti dí i. Ní apá òsì, ihò dúdú kan ló wà níbẹ̀, ó tóbi tó ọsàn wẹ́wẹ́, kò sì sí ẹ̀ka kankan nínú rẹ̀. Sàídátù kò wo ihò náà pẹ́. Awọ ikùn tó wà lókè rẹ̀ ló ń wò. Awọ náà lọ́ wọnú, bí aṣọ tí ẹ̀gún fà mú. Àrùn kì í fa awọ bẹ́ẹ̀. Irin ló ń ṣe é.

Lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí àwòrán náà ń jáde lójú rẹ̀, aláìsàn méje ló jókòó níta, kò sì dúró wò ó dáadáa.

Dókítà Josiane ló kọ èsì náà. Obìnrin kúkúrú kan tí kì í pariwo ni, ọmọ Aného. Faransé ni wọ́n jọ ń sọ. Sàídátù bá a nínú ọ́fíìsì rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó sì ń ka fọ́tò egungun ẹlòmíràn.

"Dókítà, àwòrán Ọ̀gbẹ́ni Sànúsí ti ọjọ́ Ajé. Mo rò pé irin ló ṣe ihò apá òsì yẹn, kì í ṣe àrùn."

Dókítà Josiane gbé ẹ̀pà sílẹ̀. Ó ṣí àwòrán náà, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́.

"Ṣé o yẹ ara rẹ̀ wò?"

"Mo fi àmì sí i."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́."

"Rárá, Dókítà. Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò."

"Mo rí ihò yẹn," ni Dókítà Josiane wí. "Mo rí awọ tó lọ́ náà. Mo wá wo ìwé, mo rí àmì rẹ. Mo ní bí kò bá ti sí irin, a jẹ́ pé àrùn ni. Àmì rẹ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé kọ ìwé yẹn."

Dókítà Josiane wo aago. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹ̀dọ̀ tó ń ti òkè òkun wá yóò dé lóṣù tó ń bọ̀, lọ́la ní ọ̀sán ni ilé ìwòsàn sì máa parí ìwé orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ là. Rọ́bà tí wọ́n fẹ́ ki sínú Àáfà náà tún jẹ́ ìṣòro. Bó bá ti wọlé, omi inú àwọn ọ̀nà yẹn á gbẹ, wọ́n á fún pọ̀, àwòrán kankan kò sì ní lè fi ààlà àrùn náà hàn dáadáa mọ́. Láàárín ìsìnyí àti ọ̀la ọ̀sán ni gbogbo rẹ̀ wà.

"Mú un wá lọ́la ní aago mẹ́fà ààbọ̀, kí aláìsàn aago méje tó dé," ni dókítà wí. "Bí ihò yẹn bá ṣì wà níbẹ̀, a ti yọ ọ̀gbẹ́ni náà lẹ́nu lásán nìyẹn. Bí kò bá sí níbẹ̀ mọ́, ìwọ àti èmi jọ máa sọ̀rọ̀."

Ní àárọ̀ ọjọ́rú, takisí gbé Àáfà Sànúsí àti Sàrátù dé kí aago mẹ́fà ààbọ̀ tó lù. Àáfà ti gbẹ. Ojú rẹ̀ pọ́n rokí lábẹ́ fìlà funfun, kò sì lè pa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ nílẹ̀. Apá ni, ọrùn ni, ó ṣáà ń họra. Sàídátù kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ kú ìrọ̀jú, Àáfà."

"A dúpẹ́ fún Ọlọ́run. Wọ́n ní àwòrán náà kò dára?"

"Kò dára, Àáfà. Ẹ bá mi ká lọ."

Sàrátù jókòó sórí àga gígùn. Sàídátù mú Àáfà wọ yàrá ìpààrọ̀ aṣọ, ó sì ti ilẹ̀kùn. Bí èèyàn méjì bá ti dúró sínú yàrá náà, ó kún. Ó mú ọ̀kan nínú àwọn àwòrán náà tó ti tẹ̀ jáde dání.

"Àáfà, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan."

"Béèrè."

"Kí ló wà lábẹ́ síńgílẹ́ẹ̀tì yín?"

"Mo ti dá ọ lóhùn lọ́jọ́ Ajé."

"Ẹ dá mi lóhùn, mo sì gbà á gbọ́. Ẹ̀rọ ni kò gbà á gbọ́." Ó gbé àwòrán náà sábẹ́ iná. "Ihò dúdú yìí ni wọ́n kà sí àrùn. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n fi yọ orúkọ yín kúrò. Irin ló ń ṣe irú ihò yìí. Bó bá jẹ́ irin ni, ó ṣeé ṣe kí apá òsì yín má tíì bà jẹ́. Bí ẹ bá ní kò sí nǹkan kan lónìí náà, màá tẹ́ yín sórí ibùsùn, ihò yìí á tún jáde, wọ́n á sì ki rọ́bà sí yín nínú lọ́sàn-án yìí, ó parí."

Àáfà wo àwòrán náà. Kò mọ èwo ni ẹ̀dọ̀ nínú rẹ̀, kò mọ èwo ni ikùn, ṣùgbọ́n ihò dúdú kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti rí.

"Sàrátù mọ̀," ló wí níkẹyìn. "Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀."

Ó bọ́ fìlà, ó bọ́ bùbá, ó gbé síńgílẹ́ẹ̀tì sókè. Tírà kan ló wà níbẹ̀, dúdú, tó páálí ìṣáná, okùn rẹ̀ gba èjìká kan kọjá, ó sì fi í lélẹ̀ sí ìsàlẹ̀ egungun àyà gan-an. Okùn náà ti fi ojú sí awọ rẹ̀.

"Ìyá mi ló so ó mọ́ mi ní Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀ níbí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà. Páànù ni wọ́n kọ ọ́ sí kí wọ́n tó fi awọ bò ó." Ó wo tírà náà. "Mo mọ̀ pé kò lè ṣe nǹkan kan. Ohun tí mò ń sọ ní Jímọ̀, bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́kàn mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti fọwọ́ kan okùn rẹ̀ pé kí n tú u, ìyá mi ni mo máa ń rí lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò tún fojú kàn wọ́n lẹ́yìn ọjọ́ yẹn."

Ó gbìyànjú láti tú u. Ìka rẹ̀ kò lágbára, okùn náà sì ti di kókó kan ṣoṣo láti ọjọ́ pípẹ́. Sàídátù mú àlùmágàjí tí wọ́n fi ń gé báńdéèjì.

"Ṣé kí n gé e, Àáfà?"

"Gé e."

Ó gé e, ó sì gbé e sí Àáfà lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tó yẹ kó ti ṣe lọ́jọ́ Ajé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì yẹ ara olùkọ́ rẹ̀ wò, láti ọrùn dé àyà, láti àyà dé ìbàdí, títí dé orúnkún. Ojú ń tì í, kò sì tijú àtisọ fún ara rẹ̀ pé ojú ń ti òun. Àáfà tẹjú mọ́ ògiri títí ó fi ṣe tán.

Lórí ibùsùn ẹ̀rọ, ohùn Sàídátù ń gba inú gbohùngbohùn wọlé tọ̀ ọ́ lọ: "Ẹ fa èémí sínú. Ẹ dá a dúró. Ó tó, ẹ máa mí." Ẹ̀rọ náà ń kàn gbàgbàgbà. Dókítà Josiane wọlé láìkí ẹnikẹ́ni, ó dúró sẹ́yìn àga Sàídátù. Àwòrán àkọ́kọ́ jáde. Apá ọ̀tún gé bìrí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ihò kò sí mọ́. Ní apá òsì, ọ̀nà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde láti inú ẹ̀dọ̀, ó ń bọ̀ tààrà, kò sì dúró títí ó fi kù díẹ̀ kó dé oríta.

"Wọ̀n ọ́n," ni Dókítà Josiane wí.

Sàídátù wọ̀n ọ́n. Àyè tó wà láàárín àrùn àti ẹ̀ka apá òsì ju ìbú ìka kan lọ díẹ̀.

"Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wọ apá yẹn ńkọ́?"

Sàídátù yí àwòrán. Iṣan náà ń lọ gbọọrọ, kò sí ibi tí àrùn ti dì mọ́ ọn. Dókítà Josiane fúnra rẹ̀ gba àga, ó tún gbogbo rẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá pe oníṣẹ́ abẹ lórí fóònù. Wọ́n sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tó pa fóònù, ó ní wọ́n ti dá orúkọ ọ̀gbẹ́ni náà padà, wọ́n sì máa ki rọ́bà náà sí apá òsì nìkan, kí apá tí wọ́n fẹ́ fi sílẹ̀ lè tètè mókun kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé.

"Mi ò sọ pé yóò yè o," ló wí. "Mo sọ pé ó ṣeé là."

Ó fa dúrọ́ọ̀ ṣí, ó yọ ìwé kan síwájú Sàídátù. Ìwé tí wọ́n máa ń kọ nígbà tí wọ́n bá tún àyẹ̀wò ṣe ni. Ìlà kan ṣoṣo ló ṣe pàtàkì níbẹ̀: kí ló dé tí ti àkọ́kọ́ fi bà jẹ́?

"Kọ ọ́ pé aláìsàn fi irin pamọ́ sára," ni Dókítà Josiane wí. "Irọ́ kọ́ ni. Wọ́n ti kìlọ̀ fún ọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún yìí. Bí wọ́n bá rí ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọn ò ní fi ọ́ sídìí ẹ̀rọ yìí mọ́."

Òótọ́ lọ̀rọ̀ náà. Sàídátù mọ ohun mìíràn tó jẹ́ òótọ́. Ìwé yìí á tẹ̀ lé àwòrán lọ sílé ìwòsàn, àwọn ọmọ kéwú Àáfà méjì sì wà lára àwọn nọ́ọ̀sì tó máa ṣí i. Kí Jímọ̀ tó pé, gbogbo mọ́sálásí á ti gbọ́ irú irin tí Àáfà Sànúsí ń gbé káàkiri. Ó fi ìwé náà sílẹ̀ lórí tábìlì, ó ní òun fẹ́ lọ jíṣẹ́ fún aláìsàn.

Àáfà ti wọ aṣọ rẹ̀ padà. Ó jókòó sórí àpótí inú yàrá ìpààrọ̀ aṣọ, ìka ọwọ́ rẹ̀ kan ń họ àtẹ́lẹwọ́ kejì.

"Apá òsì mọ́, Àáfà. Wọ́n ti dá orúkọ yín padà. Wọ́n máa là yín lóṣù tó ń bọ̀."

Omi lé ròrò sí ojú rẹ̀ tó pọ́n, ó sì fi etí bùbá nù ún. Ìgbà tó sọ̀rọ̀, ohùn tí Sàídátù mọ̀ láti kékeré ló fi sọ ọ́.

"Nígbà tí o wà lọ́dọ̀ mi, bí ọmọ kan bá sọ pé òun ti mọ súrà òun, ṣé mo máa ń gbà á lẹ́nu rẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Rárá, Àáfà. Ẹ máa ń ní kó kà á kí ẹ gbọ́."

"Bó bá jẹ́ ọmọ Lèmọ́mù ńkọ́?"

"Òun náà á kà á."

"Kí ló wá dé tí o gbà á lẹ́nu mi?"

Sàídátù wolẹ̀. "Ojú yín ni mo wò."

"Ojú tí o wò yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí," ni Àáfà wí. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó di ilẹ̀kùn mú, ó dìde, ó sì jáde lọ bá ìyàwó rẹ̀.

Sàídátù padà sídìí tábìlì. Dókítà Josiane ti lọ. Ẹni aago méje ti dé, ó ń wúkọ́ níta. Sàídátù mú bírò, ó sì kọ ọ́ ní Faransé tó yé ẹnikẹ́ni: N kò yẹ aláìsàn yìí wò. Àmì tí mo fi sínú ìwé lọ́jọ́ Ajé, irọ́ ni. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ó sì mú ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá kí ọkàn rẹ̀ tó yí padà.